Stadtmauer: odi ìlú

Ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn ará Jámánì ní fún ohun tí à ń pè ní ògiri. Wand ni ti inú ilé. Ó tan mọ́ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí a lọ́ nǹkan, nítorí pé láyé àtijọ́, ẹ̀ka igi ni wọ́n máa ń hun, tí wọ́n á sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Mauer ni ti òkúta. Inú èdè Látìn ti àwọn ará Róòmù ni wọ́n ti yá a. Stadt ni ìlú. Bí a bá so wọ́n pọ̀, Stadtmauer, odi ìlú nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i, kó lọ sí ìlú Nördlingen ní Jámánì. Ní 1327 ni ọba ńlá Ludwig ti Bavaria pàṣẹ pé kí wọ́n mọ odi tó wà níbẹ̀. Ó gùn tó kìlómítà 2.7, ó ní ẹnubodè márùn-ún, ènìyàn sì lè gba orí rẹ̀, lábẹ́ òrùlé, rìn yí ìlú náà po. Iṣẹ́ ńlá gbáà ni!

Ti ìlú Rothenburg, ní Jámánì bákan náà, kò bọ́ lọ́wọ́ ogun. Bọ́ǹbù wó apá kan rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 1945. Àwọn ènìyàn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló dáwó tí wọ́n fi tún un mọ, orúkọ wọn sì wà lára odi náà títí dòní.