Yíyan ọkọ̀ slalom fún atukọ̀ tó ń padà sí ìdí àjẹ̀

Ọkọ̀ slalom jẹ́ ọkọ̀ kékeré, fífúyẹ́, tí wọ́n ń fi àjẹ̀ tù nínú eré ìdárayá tí wọ́n ń pè ní canoe slalom. Nínú eré yìí, atukọ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀ nínú omi tó ń ru, á sì máa gba àárín àwọn ọ̀pá tí wọ́n so rọ̀ lókè odò láì jẹ́ kí ara, ọkọ̀ tàbí àjẹ̀ rẹ̀ kàn wọ́n. Ọkọ̀ náà kò jọ ọ̀pẹẹrẹ tí àwọn apẹja ń tù lójú ọ̀sà Èkó. Òkè rẹ̀ bò pátápátá àyàfi ihò kan ní àárín, inú ihò yìí sì ni atukọ̀ ń wọ̀ títí dé ìbàdí. Ẹni tó ti pa eré náà tì fún ọdún mélòó kan, tó tún fẹ́ padà sí i, máa ń ní ìṣòro tí ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kò ní: ó rántí bí ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ ṣe ń ṣe lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ara tó fi tu ọkọ̀ yẹn kọ́ ló ní mọ́, irú ọkọ̀ yẹn náà kò sì wọ́pọ̀ mọ́.

Eré náà ní ṣókí

Ìdíje slalom àkọ́kọ́ wáyé ní Swítsálandì ní ọdún 1932, lórí adágún Hallwil. Ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ wáyé ní Geneva ní 1949. Ó wọ Òlíḿpíkì ní 1972, nígbà tí Munich gbàlejò, tí wọ́n sì tu ọkọ̀ slalom ní ìlú Augsburg. Lẹ́yìn èyí, kò sí nínú Òlíḿpíkì mọ́ títí di Barcelona ní 1992, láti ìgbà náà ni kò sì tíì kúrò níbẹ̀.

Géètì 18 sí 25 ni wọ́n máa ń so sórí omi ìdíje. Àwọn tó ní àwọ̀ ewé àti funfun ni atukọ̀ ń gbà bí omi ṣe ń lọ, àwọn tó ní àwọ̀ pupa àti funfun ló sì gbọ́dọ̀ yí padà kó tó lè gbà, kó kọjú sí òkè odò. Ìṣẹ́jú àáyá 2 ni wọ́n ń fi kún àkókò ẹni tó bá kan ọ̀pá. Ẹni tó bá fo géètì kan, 50 ni tirẹ̀. Yíyí padà yìí, láàárín omi tó fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ, ló jẹ́ kí ìrísí ọkọ̀ ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù. K1 ni kayak alátukọ̀ kan: atukọ̀ jókòó, ó na ẹsẹ̀ síwájú, àjẹ̀ rẹ̀ sì ní abẹ́ méjì, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. C1 ni canoe alátukọ̀ kan: atukọ̀ kúnlẹ̀ sínú rẹ̀, abẹ́ kan ṣoṣo sì ni àjẹ̀ rẹ̀ ní. Ní Tokyo ni àwọn obìnrin ti kọ́kọ́ tu C1 ní Òlíḿpíkì, nígbà tí wọ́n yọ ọkọ̀ alátukọ̀ méjì ti àwọn ọkùnrin kúrò.

Nígbà tí ọkọ̀ kúrú

Títí di òpin Òlíḿpíkì Athens ní 2004, ọkọ̀ K1 àti C1 kò gbọ́dọ̀ kúrú ju mítà 4 lọ. Lẹ́yìn ìdíje náà, àjọ àgbáyé tó ń ṣàkóso eré yìí, International Canoe Federation, sọ ọ́ di mítà 3.5. Ìdajì mítà lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan létí ẹni tí kò tu ọkọ̀ rí. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ lójú omi. Nígbà tí ọkọ̀ bá kúrú, atukọ̀ lè fi ìwúwo ara rẹ̀ ri ìdí ọkọ̀ wọ abẹ́ omi, kí imú rẹ̀ dìde, kó sì yí po ní ojú kan bí òkòtó. Ohun tó ń gba àjẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tẹ́lẹ̀ lè wá di ti àjẹ̀ kan. Àmọ́ ọkọ̀ kúkúrú kì í fẹ́ lọ gbọọrọ. Bí àjẹ̀ apá kan bá lágbára ju ti ìkejì lọ díẹ̀, imú rẹ̀ á ti yà.

Benjamin Boukpeti, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Tógò, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Fránsì, wà lára àwọn tó tu ọkọ̀ nínú Òlíḿpíkì lábẹ́ òfin méjèèjì. Ó ṣojú Tógò ní Athens ní 2004, níbi tó ti parí eré rẹ̀ ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Ní ọjọ́ 12 oṣù Ògún, ọdún 2008, ní Beijing, ó gba bàbà nínú K1 lẹ́yìn Alexander Grimm ti Jámánì àti Fabien Lefèvre ti Fránsì. Àmì-ẹ̀yẹ Òlíḿpíkì àkọ́kọ́ tí Tógò gbà nìyẹn, inú Boukpeti sì dùn débi pé ó ṣẹ́ àjẹ̀ rẹ̀ sí méjì mọ́ ojú ọkọ̀. Ó tún padà wá sí London ní 2012.

Ẹni tó fi eré náà sílẹ̀ kí òfin tó yí padà, tó wá padà lónìí, yóò bá ọkọ̀ kan pàdé tí kò mọ̀ rí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé òfin kò lé ọkọ̀ gígùn jáde, nítorí gígùn tó kéré jù ni òfin ń sọ. Ọkọ̀ olómítà 4 kò kúrú ju òfin lọ lónìí. Kò ní yára yí bí ti àwọn tó kù, ṣùgbọ́n ó ń lọ tààrà, ó fọkàn ẹni balẹ̀, owó rẹ̀ sì máa ń kéré gan-an. Ẹni tó jẹ́ pé ìlera àti ìgbádùn ló ń wá lè má nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwúwo ara

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a wò ni ìwúwo atukọ̀ lónìí. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ slalom máa ń ṣe irú kan náà ní ìwọ̀n kékeré, àárín àti ńlá, wọ́n á sì kọ ìwúwo atukọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ẹni tó wọn kìlógíráàmù 65 nígbà tó wà ní yunifásítì, tó ti di 85 nígbà tó pé ẹni ogójì ọdún, kò gbọ́dọ̀ fi ìwúwo àtijọ́ ra ọkọ̀. Ìṣirò yìí rọrùn, síbẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń padà bọ̀ ti máa ń ṣìṣe, nítorí pé ọkàn ènìyàn kì í tètè gbà pé ara ti yí padà.

Ọkọ̀ tó bá kéré jù fún atukọ̀ máa ń rì sínú omi ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí rẹ̀ á máa wọ abẹ́ omi nígbà tí atukọ̀ kò fẹ́, á máa falẹ̀, á sì tètè dojú dé níbi tí omi tó ń lọ àti omi tó ń padà ti pàdé. Ọkọ̀ tó tóbi jù ní àléébù tirẹ̀: á léfòó bí igbá òfìfo, atẹ́gùn á máa tì í, atukọ̀ kò sì ní lè fi ìbàdí tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti yí i. Nínú méjèèjì, èyí tó tóbi díẹ̀ ló sàn fún ẹni tó ń padà bọ̀. Ọ̀nà láti mọ̀ kò le: kí ó wọ inú ọkọ̀ lójú omi tó dúró jẹ́ẹ́, kí ó má ṣe mira, kí ẹnìkan sì wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Bí omi bá ti bo òkè ìdí ọkọ̀ nígbà tí atukọ̀ kò ṣe ohunkóhun, ọkọ̀ náà kéré fún un.

Ìrísí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tún ń kó ipa. Ìsàlẹ̀ pẹrẹsẹ máa ń dúró dáadáa nígbà tí ọkọ̀ bá tẹ́jú. Èyí tó rí róbótó máa ń mì díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń yára. Ọkọ̀ tí imú àti ìdí rẹ̀ tẹ̀ sókè púpọ̀ ń tètè yí, èyí tó nà gbọọrọ ń sáré. Ọkọ̀ tí akọni kan fi gba wúrà lè jẹ́ èyí tí kò rọrùn rárá fún ẹni tí apá rẹ̀ kò tíì le padà.

Ìjókòó, ẹsẹ̀ àti èjìká

Ọkọ̀ òde òní kò ga lókè. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tàbí tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi lè rí i pé ìka ẹsẹ̀ òun ń há mọ́ òkè ọkọ̀ kó tó dé ibi ìtẹsẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ wọ inú rẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí ó jókòó níbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán. Bí ẹsẹ̀ bá kú tàbí tí ẹ̀yìn bá ń ro ó, lójú omi yóò burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí eékún rẹ̀ ń dùn ún kò gbọ́dọ̀ yan C1, bó ti wù kó fẹ́ràn rẹ̀ tó nígbà èwe, nítorí pé ìkúnlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Èjìká ló tètè máa ń yẹ̀ lára àwọn tó ń tu ọkọ̀ nínú omi tó ń ru, pàápàá nígbà tí apá bá nà sẹ́yìn jù. Fún ìdí èyí, ọkọ̀ tó ń fipá béèrè àjẹ̀ líle kò dára fún oṣù àkọ́kọ́.

Atukọ̀ gbọ́dọ̀ há sínú ọkọ̀ díẹ̀ kí ọkọ̀ tó lè gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ lè jáde nígbà tó bá dojú dé. Ara máa ń gbàgbé èyí. Kí ẹni tó padà tó wọ odò, ó yẹ kí ó dojú ọkọ̀ dé nínú omi tí kò jìn, pẹ̀lú ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó sì jáde lábẹ́ rẹ̀ léraléra títí ẹ̀rù kò fi ní bà á mọ́. Bí kò bá lè yára jáde nínú ọkọ̀ kan, kò gbọ́dọ̀ rà á, kódà bí owó rẹ̀ kò bá tó nǹkan. Akoto àti ẹ̀wù amúniléfòó pọn dandan nínú ìdíje, bẹ́ẹ̀ náà ni okùn ìdìmú ní imú àti ìdí ọkọ̀. Àpò afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń kì sínú ọkọ̀ kí ó má baà rì tún wà pẹ̀lú.

Ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀, àti ọkọ̀ àlòkù

Carbon àti aramid, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Kevlar, ni wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ ìdíje, ìwúwo rẹ̀ kì í sì sábà kọjá nǹkan bí kìlógíráàmù 10. Ó fúyẹ́, ó le, ṣùgbọ́n òkúta lè fọ́ ọ. Ọkọ̀ fáíbà wúwo jù ú lọ, owó rẹ̀ sì kéré. Ọkọ̀ oníke ló wúwo jù lọ. Ó lè kọlu òkúta léraléra láì fọ́, ìdí nìyí tí àwọn ẹgbẹ́ atukọ̀ fi ń kó o fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Carbon kò pọn dandan fún ẹni tó ń padà bọ̀, àyàfi bí ìdíje bá wà lọ́kàn rẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá jẹ́ àlòkù, kí olùrà fi àtàǹpàkò tẹ gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ibi tó bá rọ̀ wọlé ti ya kúrò lára ìpele tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kí ó wo ìdí ìjókòó àti ibi ìtẹsẹ̀, níbi tí ọkọ̀ ti sábà máa ń sán. Kí ó da omi sínú rẹ̀ kí ó rí i bóyá ó ń jò. Lẹ́yìn náà, kí ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, nítorí pé àtúnṣe púpọ̀ lè sọ ọkọ̀ fífúyẹ́ di ẹrù.

Ní agbègbè Ìkẹjà àti Agége

Jonathan Akinyemi, tí wọ́n bí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló tu K1 fún Nàìjíríà ní Òlíḿpíkì London ní 2012 àti Rio ní 2016. Omi ìdíje ti London, Lee Valley, jẹ́ èyí tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́, tí ẹ̀rọ sì ń fa omi rẹ̀ sókè kí ó lè máa ru. Ọmọ Yorùbá tó bá kọ́ eré yìí ní irú ibẹ̀, tó wá padà wá gbé ní Ọ̀rẹ́gùn, Ọgbà tàbí Agége, kò ní bá irú omi bẹ́ẹ̀ nítòsí. Odò Ògùn ló sún mọ́ wọn jù, ṣùgbọ́n kí ó tó dé Ìṣẹrí ó ti di odò tó ń rọra lọ, ọ̀sà tó sì ń ṣàn lọ bá kò ru rárá.

Èyí kò fòpin sí eré náà. Àwọn atukọ̀ slalom ní ibi púpọ̀ láyé máa ń ṣe ìdánrawò lórí omi tó dákẹ́, pẹ̀lú géètì díẹ̀ tí wọ́n so mọ́ okùn láàárín òpó méjì. Ohun tó ń yí padà ni irú ọkọ̀ tó yẹ. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe kí ó máa yí nínú omi líle yóò máa ṣe bí òpìjẹ̀ lórí omi tó dákẹ́; ọkọ̀ tó gùn díẹ̀, tó sì nà gbọọrọ, ló bá a mu. Fáíbà sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn ju carbon lọ, nítorí pé àwọn oníṣẹ́ fáíbà wà káàkiri Èkó, wọ́n ń ṣe àgbá omi àti ara ọkọ̀ ilẹ̀, résìnì sì wà ní ọjà kẹ́míkà Ọjọ́ta. Kìkì pé résìnì polyester ni irú àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà ń lò, kì í sì í lẹ̀ dáadáa mọ́ ọkọ̀ tí wọ́n fi epoxy ṣe, bí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ carbon ti rí. Epoxy ni kí a fi tún irú rẹ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ fóòmù náà gba àfiyèsí. Ìkẹjà ní ilé-iṣẹ́ fóòmù, ó sì lè wu ènìyàn láti gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì sí ìbàdí àti eékún kí ọkọ̀ lè bá a lára mu. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì ń mu omi bí kànìnkànìn. Irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àtẹ́lẹ̀ sálúbàtà, tí omi kì í wọ̀, ló dára.

Oòrùn pẹ̀lú ń ba ọkọ̀ jẹ́. Abẹ́ òrùlé ni kí ọkọ̀ máa wà. Bí wọ́n bá sì dì í mọ́ orí mọ́tò láti Ìkẹjà lọ sí etí omi ní ọ̀sán gangan, ó yẹ kí wọ́n tú díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ inú àpò rẹ̀, nítorí pé ooru máa ń mú kí afẹ́fẹ́ náà wú títí tí àpò á fi bẹ́ tàbí tí ojú ìrán ọkọ̀ á fi ya.