Ìtàn Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Nínú Ètò Owó Ìdàgbàsókè Ẹkùn Nílẹ̀ Yúróòpù

1. Ìfáárà
Iṣẹ́ yìí dá lórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó ṣe kókó nínú ètò tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi ń pín owó fún àwọn ẹkùn tí ó rẹ̀yìn: àfikún, ìṣọ̀kan àti àjọṣe. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ òfin lásán kọ́ ni wọ́n. Àríyànjiyàn lórí ẹni tí owó yóò dé ọwọ́ rẹ̀ ni ó fún wọn ní ìtumọ̀.

2. Ìpìlẹ̀ Ètò Náà
Àdéhùn Róòmù ti 1957 mẹ́nu ba dídín ìyàtọ̀ àárín àwọn ẹkùn kù, ó sì dá báńkì tí ó ń yáni lówó sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá àpò owó ìrànwọ́ sílẹ̀ fún ẹkùn. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ireland àti Denmark wọ Ẹgbẹ́ náà ní 1973 ni ọ̀rọ̀ yìí gbóná. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó Ẹgbẹ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì retí èrè púpọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àgbègbè tí ilé-iṣẹ́ ti ń kú pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1975 ni a dá Àpò Ìdàgbàsókè Ẹkùn sílẹ̀. Ìpín ti wà nílẹ̀ fún ìjọba kọ̀ọ̀kan: Ítálì gba 40%, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì 28%, ilẹ̀ Faransé 15%.

3. Àfikún
Nítorí pé ìjọba kọ̀ọ̀kan ti mọ ìpín rẹ̀, ó rọrùn láti fi owó Yúróòpù dípò owó tí ìjọba fúnra rẹ̀ ìbá ná. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹkùn tí a dárúkọ nínú ìwé kò rí nǹkan kan ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ohun tí àfikún ń dènà nìyí: owó náà gbọ́dọ̀ wà lórí ti ìjọba, kò gbọdọ̀ rọ́pò rẹ̀. Àpẹẹrẹ tí ó hàn jù ni ti RECHAR, ètò fún àwọn àgbègbè ìwakùsà èédú. Kọmíṣọ́nnà Bruce Millan, tí òun pàápàá jẹ́ ọmọ Scotland, dá owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dúró, títí ìjọba Lọ́ńdọ́ọ̀nù fi gbà ní 1992 láti yí ọ̀nà ìṣírò rẹ̀ padà.

4. Ìṣọ̀kan àti Àjọṣe
Gíríìsì wọ Ẹgbẹ́ náà ní 1981. Sípéènì àti Pọ́túgàl wọlé ní 1986. Ọdún 1986 yìí kan náà ni a fọwọ́ sí òfin tí ó gbé ìṣọ̀kan ọrọ̀-ajé àti àwùjọ kalẹ̀. Kì í ṣe ìṣọ̀kan ìjọba ni a ń wí. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé kí ẹkùn kan má jìnnà sí èkejì jù. Àtúnṣe 1988 fún un ní ìwọ̀n: ẹkùn tí ọrọ̀ rẹ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan kò tó 75% ti gbogbo Ẹgbẹ́ ni a ó kọ́kọ́ rò.

Àtúnṣe yìí náà ni ó sọ àjọṣe di ìlànà. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí: Kọmíṣọ̀n, ìjọba àpapọ̀ àti àwọn aláṣẹ ẹkùn ni yóò jọ jókòó ṣètò. Ṣùgbọ́n ìṣe ti ṣáájú òfin. Láti 1958 ni àwọn ìlú ẹnubodè Jámánì àti Netherlands ti ń fọwọ́sowọ́pọ̀ ní agbègbè Gronau, lábẹ́ orúkọ EUREGIO. Ọdún 1990 ni Ẹgbẹ́ tó gbé ètò Interreg kalẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

5. Àgbálọgbábọ̀
Ẹnìkan lè sọ pé ìjọba tí ó dáwó jọ ní ẹ̀tọ́ láti ná ìpín rẹ̀ bí ó ti fẹ́. Lójú tiwa, bí a bá gba èyí, a ti sọ ẹkùn di orúkọ tí a fi ń gba owó. Ọ̀ràn RECHAR fi hàn pé àfikún wà nínú ìwé fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹnìkan lágbára láti di owó mú ni ó tó di òfin. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí òpìtàn gba ọ̀rọ̀ ètò gbọ́ títí yóò fi wo ibi tí owó gbà.