Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Pẹ́ńsù Egon Schiele

Ní ọdún 1890 ni a bí Egon Schiele ní Tulln, ìlú kékeré kan lẹ́bàá odò Danube ní ilẹ̀ Ọ́stríà. Ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin ni bàbá rẹ̀. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n péré ni ó lò láyé, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ kì í gbẹ́yìn nígbà tí a bá ń dárúkọ àwọn ayàwòrán expressionism, àwọn tí bí inú ènìyàn ṣe rí jẹ lógún ju bí ara rẹ̀ ṣe rí lọ.

Pẹ́ńsù mọ́ Schiele lọ́wọ́ púpọ̀. Kíákíá ni ó máa ń yàwòrán, kì í sì í fi rọ́bà pa nǹkan rẹ́. Bí ẹni tí ó jókòó fún un bá yíra padà, ìlà tuntun ni yóò fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Ó di ìgbà tí onítọ̀hún bá lọ tán kí ó tó kun ọ̀dà sí i, láti inú ìrántí. Nítorí náà, ìlà pẹ́ńsù nìkan ni ó ṣojú àwọn méjèèjì. Ọ̀dà kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tó wà láàárín ayàwòrán àti ẹni tí ó ń yà, ìlà ni kí ó wò.

Ìsúnmọ́ra yìí ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1912, àwọn ọlọ́pàá mú un ní Neulengbach, níbi tí òun àti Wally Neuzil, ẹni tí ó sábà máa ń yà, jọ ń gbé, tí àwọn ọmọ àdúgbò sì máa ń yà sí. Ẹ̀sùn tó wúwo jù kò dúró, ṣùgbọ́n wọ́n dá a lẹ́bi pé ó fi àwòrán ìhòòhò sí ibi tí ọmọdé ti lè rí i. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ni ó lò látìmọ́lé, adájọ́ sì fi iná àbẹ́là jó ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà. Ó rọrùn láti fi adájọ́ yìí ṣe ẹlẹ́yà. Àmọ́ ohun tí àgbàlagbà méjì gbà fún ara wọn, ọmọdé kò lè gbà á fún ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọdé wà nínú àwọn tí Schiele yà. Iná àbẹ́là kò dáhùn ìyẹn, òkìkí ayàwòrán náà kò sì dáhùn rẹ̀.

Nínú àtìmọ́lé, ó ya ibùsùn kan àti ọsàn kan ṣoṣo tí Wally gbé wá fún un. Kò sí ènìyàn nínú àwòrán náà, síbẹ̀ ìfẹ́ inú rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ìhòòhò rẹ̀ lọ. Kì í ṣe Wally ni ó fẹ́ ní 1915. Edith Harms ni. Wally di nọ́ọ̀sì, ó sì kú ní Dalmatia ní 1917, ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún.

Ìlà Schiele ti rọ̀ nígbà yẹn, chọ́ọ̀kì dúdú sì ń gba ipò pẹ́ńsù. Ní oṣù Kejì ọdún 1918, ó lọ ya orí ọ̀gá rẹ̀, Gustav Klimt, ní yàrá òkú. Ní oṣù Kẹwàá, àrùn ìnflúẹ́ńsà dé ilé tirẹ̀. Edith lóyún oṣù mẹ́fà. Schiele jókòó tì í, ó sì fi chọ́ọ̀kì dúdú yà á lórí ibùsùn àìsàn, láìsí ọ̀dà kankan. Edith kú ní ọjọ́ 28. Schiele kú ní ọjọ́ 31.