Sọ̀wédowó Òfegè: Bí Òfin Ọdún 1977 Ṣe Kan Olùdarí Ilé-Iṣẹ́

Ọ̀pọ̀ nínú wa níbí ni orúkọ wa wà nínú ìwé kọ́ńpìnnì kan nílé. Àbúrò ẹni fẹ́ dá òwò sílẹ̀, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ olùdarí kejì. A lọ sílé ní ìparí ọdún, a buwọ́ lu ìwé. A tilẹ̀ lè buwọ́ lu odidi ìwé sọ̀wédowó láìkọ iye owó sí i, kí iṣẹ́ má baà dúró nígbà tí a bá padà sókè òkun. Nítorí irú wa ni mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn òfin kan.

Láyé àtijọ́, gbèsè kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Bí onígbèsè bá ya olóríkunkun, ẹni tó jẹ lówó lè gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ìlú, kí ó rán ológò lọ sílé rẹ̀. Ológò á jókòó ti onígbèsè, á máa pariwo, á máa pa adìyẹ àti ewúrẹ́ tó bá rí nínú ilé jẹ, títí ara yóò fi ni gbogbo ilé, tí wọn yóò fi wá owó náà san.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1897, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ Aron Salomon, oníbàtà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó sọ òwò rẹ̀ di kọ́ńpìnnì. Nígbà tí kọ́ńpìnnì náà dẹnu kọlẹ̀, wọ́n fẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ san gbèsè rẹ̀. Àwọn adájọ́ ní rárá: lójú òfin, ọ̀tọ̀ ni Salomon, ọ̀tọ̀ ni kọ́ńpìnnì rẹ̀. Èrò yìí bá òfin kọ́ńpìnnì wọ Nàìjíríà ní 1912. Ó ran oníṣòwò lọ́wọ́, nítorí kò ní láti fi ilé bàbá rẹ̀ dúró fún gbèsè òwò. Ṣùgbọ́n ó fún ẹlẹ́tàn náà ní ibi ìsápamọ́ sí.

Nígbà tí owó epo dé láàárín ọdún 1970 sí 1979, òwò gbilẹ̀. Òfin 1972 àti ti 1977 tún fa ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ àwọn àjèjì lé ọmọ Nàìjíríà lọ́wọ́, olùdarí sì di púpọ̀. Ẹni tó bá gba sọ̀wédowó òfegè á ti kó ẹrù fún oníbàárà kí báńkì tó dá ìwé padà pé kò sówó níbẹ̀.

Ní 1977 kan náà ni ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé Dikirí 44 jáde. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fi sọ̀wédowó gba ẹrù tàbí àwìn, tí wọ́n mú un lọ sí báńkì láàárín oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, tí owó kò sì tó, yóò ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì, láìsí owó ìtanràn. Bó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì ni, yóò san owó ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ₦5,000.

Ta ló wá lè ti kọ́ńpìnnì mọ́ ẹ̀wọ̀n? Apá kejì òfin náà dáhùn. Bí olùdarí, máníjà tàbí akọ̀wé bá fọwọ́ sí i, tàbí tó mọ̀ tó dijú, tàbí tó jẹ́ pé àìbìkítà rẹ̀ ló fà á, òun náà jẹ̀bi, ìyà ẹnì kọ̀ọ̀kan ni yóò sì jẹ. Ẹ kíyè sí àìbìkítà yẹn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, òfin olè ti 1968 àti òfin jìbìtì ti 2006 kò mú olùdarí àfi bó bá fọwọ́ sí i tàbí tó mọ̀ tó dijú. Nílé, ẹni tó gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ pàápàá lè bọ́ sínú rẹ̀.

Òfin náà fi ọ̀nà àbáyọ kan sílẹ̀. Ẹni tó bá lè fi hàn nílé-ẹjọ́ pé òun ní ìdí tó mọ́gbọ́n wá láti gbà pé owó yóò wà ní báńkì, tó sì gbà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, kò jẹ̀bi. Ẹni tó buwọ́ lu ìwé òfìfo, kí ló máa sọ?

Àwọn ológun ti lọ, òfin wọn kò lọ. Ó wà nínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti 2004, EFCC sì ń fi gbé ènìyàn lọ sílé-ẹjọ́. ₦5,000 kò lè ra àpò ìrẹsì kan mọ́, ṣùgbọ́n ọdún méjì ṣì jẹ́ ọdún méjì.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe buwọ́ lu sọ̀wédowó tí a kò kọ iye owó sí. Ẹ máa béèrè àkọsílẹ̀ owó láti báńkì déédéé. Bí ẹ kò bá lè bójú tó iṣẹ́ náà mọ́, ẹ kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, kí ẹ sì rí i pé báńkì gbọ́. Kì í ṣe àìnífẹ̀ẹ́ àbúrò. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo àpò kọ́ńpìnnì kí ẹ tó fún un ní orúkọ yín.