Ìtàn Ìwádìí Àìsàn Imú Ológbò

Ó pẹ́ tí ológbò ti ń sín, tí imú rẹ̀ sì ń ṣẹ̀jẹ̀, kí ìmọ̀ ìṣègùn tó kà á sí. Nígbà tí Claude Bourgelat dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko sílẹ̀ ní Lyon, ẹṣin àti màlúù ló jẹ àwọn ará ibẹ̀ lógún. Ta ni yóò náwó lé ológbò?

Ọdún 1957 ni olùwádìí kan, Fastier, rí fáírọ́ọ̀sì kan lára ológbò ní New Zealand, èyí tí à ń pè ní calicivirus lónìí. Ní 1958, àwọn olùwádìí Crandell àti Maurer rí òmíràn ní Amẹ́ríkà, ìyẹn herpesvirus. Àwọn méjèèjì ló ń fa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀fìnkìn ológbò.

Àmọ́ kí ló dé tí ológbò tí ara rẹ̀ ti yá tún ń sín? Ní àwọn ọdún 1970, àwọn olùwádìí Gaskell àti Povey fi hàn pé herpesvirus kì í kúrò lára, ńṣe ló ń lúgọ. Bí wọ́n bá kó ológbò lọ sílé tuntun, tàbí tó ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́, fáírọ́ọ̀sì náà lè tún yọjú. Bó bá ti ba egungun tẹ́ẹ́rẹ́ inú imú jẹ́, bakitéríà a ráyè jókòó síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ imú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, gbòǹgbò eyín tó ti jẹrà, tàbí ewé koríko kan ṣoṣo tó há sẹ́yìn àjà ẹnu. Láti mọ èyí tó jẹ́, a ní láti rí inú imú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ X-ray, tó dé ní 1895, ń to egungun lé ara wọn nínú àwòrán. Ẹ̀rọ CT, tí wọ́n kọ́kọ́ fi yẹ ènìyàn wò ní 1971, ló wá ń fi inú imú hàn ní ìpele-ìpele. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ológbò ni wọ́n ń yẹ̀ wò títí tí wọn kò rí okùnfà kankan.