Oyè Gẹ́gẹ́ Bí Asà: Johnny Smythe Nínú Àgọ́ Ìgbèkùn ní Jámánì, 1943 sí 1945

Nínú àwọn ogun tí ó jà ní Rẹ́mọ àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, oyè kì í ṣe ààbò fún ẹni tí ọwọ́ ọ̀tá bá tẹ̀. Wọ́n lè ta ọmọ ogun lásán lẹ́rú, tàbí kí àwọn ẹbí rẹ̀ rà á padà. Balógun olókìkí ni ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu jù, nítorí ta ni yóò fẹ́ kí irú rẹ̀ padà lọ kó ogun jọ? Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé ọ̀rọ̀ yí padà nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Johnny Smythe ni àpẹẹrẹ wa, ọmọ Freetown, ìlú tí ọ̀pọ̀ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú tẹ̀dó sí.

Smythe jẹ́ ọ̀gá ológun, atọ́nà nínú ọkọ̀ òfuurufú ajubọ́ǹbù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní November 1943, àwọn ará Jámánì já ọkọ̀ wọn lulẹ̀, wọ́n sì mú un pẹ̀lú ọgbẹ́ lára. Wọ́n gbé e lọ sí Stalag Luft I ní Barth, lẹ́bàá òkun Baltic, níbi tí ó wà títí di May 1945.

Àdéhùn Geneva ti 1929 kò gbà kí a fi ipá mú ọ̀gá ológun ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ebi, òtútù àti àìríṣe ni ìyà wọn. Wọ́n ń tò wọ́n kà lójoojúmọ́. Oúnjẹ tí Red Cross ń kó ránṣẹ́ ni ó gbé wọn ró. Nígbà tí ó dáwọ́ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ 1945, ebi wọ̀ wọ́n lára gidigidi. Síbẹ̀, wọ́n ń fi rédíò tí wọ́n fi pamọ́ gbọ́ ìròyìn BBC, wọ́n sì ń tẹ ìwé ìròyìn ìkọ̀kọ̀ kan, *POW WOW*.

Àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n jẹ́ ọmọ ogun lásán fún ilẹ̀ Faransé kò rí irú èyí. Ní June 1940, ní Chasselay, àwọn ará Jámánì yìnbọn pa ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti túúbá. Ẹnìkan lè sọ pé ẹgbẹ́ ológun òfuurufú ni ó ń ṣọ́ Barth, àti pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà ní ẹlẹ́wọ̀n Jámánì lọ́wọ́. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n láìsí oyè, Smythe kò ní dé Barth rárá.

Asà náà kò kọjá ọgbà wáyà. Smythe wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò bí àwọn ẹlẹ́wọ̀n yóò ṣe sá lọ. Ó ran àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò lè sá: níbo ni ọkùnrin gíga, aláwọ̀ dúdú, yóò fara pamọ́ sí ní Pomerania?