Fùréjọ̀n: Ẹ̀wà Tó Di Ọdún

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ kan wò: fùréjọ̀n. Ara "feijão" àwọn Potogí ló ti wá; ẹ̀wà lásán ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú Bràsíìlì padà sí Èkó ní ọ̀rúndún 19 ló mú un bọ̀. L'Ékòó, ó di oúnjẹ ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Àjíǹde. Wọ́n á lọ ẹ̀wà tó ti jinná, wọ́n á fi omi àgbọn sè é, wọ́n á fi ẹja díndín jẹ ẹ́, wọ́n á sì bù fún aládùúgbò. Abọ́ tó ń ti ilé dé ilé ló sọ ẹ̀wà di ọdún. Ní Alápẹ̀rẹ̀ wa yìí, géètì ti pọ̀ jù. Ẹ ṣílẹ̀kùn o! Bá a bá ń dá a jẹ, ẹ̀wà lásán ló tún dà.